Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ẹ̀yin Ọmọ Wa, Ẹ Jẹ́ Ká Bi Ẹranko Léèrè

Àlàáfíà fún gbogbo yín nínú ilé Olúwa. Tọ̀sẹ̀ yìí, ẹ̀yin ọmọ kéékèèké ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin àgbà náà ẹ tẹ́tí sí i. Ọ̀kan nínú yín bi tíṣà Sọ́ńdè sukúù pé ṣé ẹranko náà máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni àbí ariwo lásán ni wọ́n ń pa, ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi gan-an, torí Bíbélì fúnra ẹ̀ ní ká lọ bi wọ́n, ó wà nínú Jóòbù orí 12 ẹsẹ 7, pé ẹranko á kọ́ wa, ẹyẹ ojú ọ̀run náà á sọ fún wa. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bi wọ́n.

Oyin ni ká kọ́kọ́ bi. Tí oyin kan bá jáde tó rí ibi tí òdòdó pọ̀ sí, kì í dá a jẹ, ó máa padà sílé lọ sọ fáwọn yòókù, ijó ló sì máa fi sọ ọ́ o! Inú ilé wọn ṣókùnkùn, afárá yẹn dúró gbọnrangandan, ara ẹ̀ ló ti máa jó. Á sáré lọ tààrà, á máa gbọn ìdí rìrì bó ṣe ń lọ, á yà gba apá ọ̀tún padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, á tún lọ tààrà, á wá gba apá òsì padà, àwọn yòókù á máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn, wọ́n á máa fi ìwo orí wọn kàn án lára. Tó bá dojú kọ òkè gan-an, ó ń sọ pé ẹ kọjú síbi tí oòrùn wà kẹ́ ẹ máa lọ. Tó bá tẹ̀ sápá ọ̀tún díẹ̀, apá ọ̀tún oòrùn ni kí wọ́n gbà. Bó bá ṣe pẹ́ tó nídìí gbígbọ̀n yẹn ni ibẹ̀ ṣe jìnnà tó. Bàbá kan tó ń jẹ́ Karl von Frisch, ọmọ Austria, fi ọ̀pọ̀ ọdún wo oyin kó tó lóye ẹ̀, wọ́n sì fún òun àtàwọn méjì míì ní Ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1973. Ẹ̀dá tí ò tó ọmọ ìka yín ló ń ṣe gbogbo èyí, Ọlọ́run yìí mà tóbi o.

Èèrà ní tiẹ̀, òórùn ló fi ń sọ ọ́, tó bá rí oúnjẹ á máa fi òórùn sílẹ̀ lójú ọ̀nà bó ṣe ń padà lọ sílé, àwọn yòókù á tọ̀ ọ́.

Erin ńkọ́? Ohùn kan wà tí erin máa ń lò tó wálẹ̀ débi pé etí èèyàn ò lè gbọ́ ọ. Lọ́dún 1984, obìnrin kan tó ń jẹ́ Katy Payne dúró tì wọ́n nínú ọgbà ẹranko ní Portland, l'Amẹ́ríkà, kò gbọ́ nǹkan kan àmọ́ ó ń rí i lára pé afẹ́fẹ́ ń gbọ̀n, ló bá rántí bó ṣe máa ń rí lára ẹ̀ nígbà tó wà ní kọ́ọ̀ya, tó bá dúró nítòsí páìpù tó tóbi jù lára dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gba ohùn yẹn sórí téèpù, wọ́n mú kí téèpù náà yára, ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbọ́ ọ. Erin míì tó wà ní kìlómítà mélòó kan sí wọn lè gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ẹni tó dúró tì wọ́n lè máa rò pé wọ́n dákẹ́ ni.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni tàwọn ọ̀bọ kékeré olójú dúdú tí wọ́n ń pè ní vervet. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ wò wọ́n ní Amboseli, ní Kẹ́ńyà. Tí àmọ̀tẹ́kùn bá ń bọ̀, igbe tiẹ̀ wà lọ́tọ̀, gbogbo wọn á sá gun igi. Tó bá jẹ́ idì, igbe míì ni, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á kó wọ abẹ́ igbó. Tó bá jẹ́ ejò, wọ́n á nàró lórí ẹsẹ̀ méjì, wọ́n á máa wo inú koríko. Àwọn tó ń wò wọ́n gba igbe náà sílẹ̀, wọ́n gbé sípíkà pamọ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ewu kankan ò sí, àwọn ọ̀bọ yẹn ṣì ṣe nǹkan tí igbe kọ̀ọ̀kan ní kí wọ́n ṣe!

Àmọ́ àwọn ọmọ wọn ò tètè mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọ̀bọ lè rí ẹyẹ tí ò lè pa á lára kó ké igbe idì, ewé tó ń já bọ́ gan-an lè mú kó ké e. Kí làwọn àgbà wá máa ń ṣe? Wọ́n á gbójú sókè wò. Tí kò bá sí nǹkan kan, kò sí nǹkan kan nìyẹn, tó bá jẹ́ idì lóòótọ́, àwọn náà á ké e, bẹ́ẹ̀ lọmọ yẹn á ṣe máa mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin òbí, ibí yìí ni mo ń bá yín wí, ẹ dákun. Ọmọ á wá bá wa pé òun rí nǹkan báyìí, a ò ní gbé ojú kúrò lára fóònù, a ó ti ní kó lọ jókòó. Nǹkan tó fẹ́ sọ lè má tó nǹkan lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu níbi tá ò sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gbójú sókè wò.

Ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ yín rèé. Ẹ wá ẹranko kan tó bá wà nítòsí yín, ajá ni o, ológbò ni o, ẹyẹ orí igi ni o, ẹ jókòó lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ má fọwọ́ kàn án, kẹ́ ẹ máa wo nǹkan tó ń ṣe tí ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ bá dé, kí ló fi ìrù ẹ̀ ṣe, etí ẹ̀ ńkọ́, irú ohùn wo ló jáde lẹ́nu ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ yà á. Tó bá di Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn, mo máa jókòó síwájú pẹpẹ, ẹ máa bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo máa gbọ́ tiyín tán kí n tó dá àgbà kankan lóhùn.