Ọ̀RỌ̀ OLÙṢỌ́-ÀGÙNTÀN: Bẹ́ẹ̀ni Ọ̀sán, Bẹ́ẹ̀ni Òru

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Láti alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Mátíù 5:37 kò ti jẹ́ kí n sùn: "Jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín jẹ́ Bẹ́ẹ̀ni, bẹ́ẹ̀ni, Bẹ́ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀kọ́." Kí ló dé tí Olúwa fi wí i lẹ́ẹ̀mejì? Ọ̀rọ̀ ìbúra ló ń sọ níbẹ̀. Lójú tèmi, bẹ́ẹ̀ni kìíní ni èyí tí a sọ lójú ẹni. Ìkejì ni èyí tí a sọ nígbà tí onítọ̀hún bá kẹ̀yìn.

Talleyrand ará Faransé ni ẹsẹ yìí mú wá sí mi lọ́kàn. Bíṣọ́ọ̀bù Autun ni, síbẹ̀ òun ló dábàá ní 1789 pé kí ìjọba gba ohun ìní ìjọ. Ó sin àwọn tó lé ọba, ó sin Napoleon tó di olú-ọba Faransé, ó tún wà lára àwọn tó dá ọba padà ní 1814. Ṣùgbọ́n ti Erfurt, ìlú kan ní Jámánì, ló dùn mí jù. Ní 1808, Napoleon mú un lọ síbẹ̀ kó lè bá a fa ojú Alexander, ọba Rọ́ṣíà, mọ́ra. Lálẹ́, Talleyrand ń rọ Alexander pé kó má gbà fún ọ̀gá òun. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ ló sọ, torí ogun Napoleon ń jẹ Faransé run. Bí òótọ́ bá ni, kí ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ òkùnkùn, tí oyè Napoleon sì wà lọ́rùn rẹ̀?

Ìwọ tí o nawọ́ sókè nípàdé pé o fara mọ́ ọn, tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí o ti dé ọ̀dọ̀ ìhà kejì, tí o ń tú ohun tí àwọn àgbà fi omijé sọ, má pè é ní ọgbọ́n. Ìdílé méjì ni kì í kí ara wọn mọ́ láàárín wa. Ṣé inú rẹ dùn báyìí?

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí Talleyrand kú, 17 oṣù Karùn-ún 1838, ló tó fọwọ́ sí ìwé pé òun padà sọ́dọ̀ ìjọ. Nígbà tí àlùfáà fẹ́ ta òróró sí i lọ́wọ́, ẹ̀yìn ọwọ́ ló nà sí i: òróró oyè rẹ̀ ti wà ní àtẹ́lẹwọ́ láti bí àádọ́ta ọdún. Ọmọ mi, òróró tìrẹ náà kò tíì gbẹ. Má dúró di orí àkéte. Wá bá mi. Èmi náà yóò tẹ̀lé ọ dé ilé méjèèjì.

Ìkéde: Ìdánrawò akọrin di Ọjọ́bọ̀, agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹgbẹ́ obìnrin ló ni ìmọ́tótó Sátidé. Ẹni tó yá àga ìjọ fún ìnáwó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà.