Ìkéde: A Ń Lọ Ya Fọ́tò Idì Olórí Funfun ní Conowingo

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ní Sátidé kejì oṣù Kọkànlá, a ó lọ ya fọ́tò ẹyẹ idì olórí funfun ní ìdídò (dam) Conowingo, lórí odò Susquehanna ní ìpínlẹ̀ Maryland níbí ní Amẹ́ríkà. Ká pàdé ní Fisherman's Park ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, torí ibi ìgbọ́kọ̀sí kì í pẹ́ kún.

Oṣù yẹn gan-an ni wọ́n máa ń pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹja tó bá gba inú ẹ̀rọ amúnáwá kọjá máa ń dákú, á léfòó, idì á sì já ṣòòrò wálẹ̀ gbé e. Lẹ́ǹsì 400mm sókè ló dáa. Ẹ má fojú fo àwọn tí orí wọn ò tíì funfun: ọmọ idì ni wọ́n, ó máa ń tó bí ọdún márùn-ún kó tó funfun. Àwọn gan-an ni mo fẹ́ràn láti yà jù, nítorí bí wọ́n ṣe ń jà du ẹja lófuurufú.

Tí fèrè ìdídò bá dún, omi ń bọ̀ nìyẹn. Ẹ kúrò létí odò kíá. Ẹ mú tapólì wá bo mọ́tò yín, igún dúdú ibẹ̀ máa ń já rọ́bà wáípà jẹ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má sún mọ́ ìtẹ́, ẹ má sì mú ìyẹ́ idì kankan relé, kódà èyí tó bọ́ sílẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1940 kò fàyè gbà á.

Ẹni tó ń lọ, àti ẹni tí àyè ṣì wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, kó fèsì lórí WhatsApp wa kó tó di Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ náà.

Akọ̀wé ẹgbẹ́