Àkànmú, má fojú fo ẹ̀jẹ̀ yẹn

Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ 9, oṣù Kẹrin.

Àkànmú ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyá àwọn ọmọ, mo kí àwọn ọmọ náà. Ẹ kú ìfaradà òtútù. Oòrùn ń mú níbí, máńgòrò sì ti ń já bọ́ lẹ́yìnkùlé wa láti àárọ̀ dalẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan tí o fẹnu bà lórí fóònù lálẹ́ Sátidé kò jẹ́ kí n sùn. O ní lọ́jọ́ kan o tọ̀, ó pupa bíi sóbò, kò dùn ọ́, nígbà tó sì di ọjọ́ kejì ó ti mọ́. O sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Èèyàn kún pálọ̀ lọ́dọ̀ mi, mi ò lè dáhùn bó ṣe yẹ. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti ń fi pamọ́ fún ọ láti ọdún tó kọjá: jẹjẹrẹ ni wọ́n rí nínú àpò ìtọ̀ mi, bí o ṣe ṣàlàyé tìrẹ yẹn gan-an ni tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni, mo ń múra àtilọ sóko kaṣú. Ìtọ̀ mi pọ́n wẹ̀ẹ̀. Kò ta mí, kò dùn mí. Ká ní ó dùn mí ni, ǹ bá ti sáré. Mo wá ilé oògùn kan tí wọn ò ti mọ̀ mí lọ. Ọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ wò mí látòkè délẹ̀, ó ní àtọ̀sí ni. Èmi, ẹni ọdún 63, díákónì ìjọ. Ojú tì mí débi pé mi ò bi í léèrè kankan, mo gba abẹ́rẹ́, mo gba oògùn oníhóró, mo sá lọ. Ẹ̀jẹ̀ dá lọ́jọ́ kẹta, mo gbà pé oògùn ló dá a. Lẹ́yìn oṣù méjì ó tún dé, mo tún padà lọ. Oṣù mẹ́jọ ló lọ báyẹn. Dókítà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìṣe ẹ̀jẹ̀ yìí nìyẹn: yóò wá, yóò fúnra rẹ̀ lọ, oògùn tí èèyàn bá ń lò lọ́wọ́ ni yóò sì gba ọpẹ́.

Mi ò sọ fún ìyàwó mi. Bí mo bá dárúkọ àtọ̀sí, kí ni yóò rò sí mi? Mo wá ń fọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi lóru. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí a ti fẹ́ra, kò bá mi nídìí aṣọ fífọ̀ lóru rí. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó jókòó sétí ibùsùn, ó ní, "Bàbá Délé, ẹ̀jẹ̀ wo lẹ ń fọ̀?" Kò pariwo, kò fẹ̀sùn kàn mí. Àkànmú, mo sunkún lójú obìnrin náà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí a fi wọ mọ́tò Ìbàdàn.

Ọmọbìnrin tí mo lè bí ni dókítà tó gbà mí. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú mi, lẹ́yìn náà ni wọ́n gba ojú ibi tí mo fi ń tọ̀ ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ̀ ọ́, ó ní iná àti kámẹ́rà lórí. Dókítà ní kí èmi náà wo ojú tẹlifíṣọ̀n. Mo rí i. Ó so mọ́ ògiri àpò ìtọ̀ bí olú ṣe ń hù lára igi jíjẹrà. Wọ́n gba ojú ọ̀nà kan náà gé e kúrò, wọn ò la ikùn mi. Àbájáde dé pé oríṣi tó burú ni, ó máa ń yára, ṣùgbọ́n kò tíì wọ inú iṣan àpò náà. Ká ní ó ti wọ̀ ọ́ ni, ó ṣeé ṣe kí wọ́n yọ àpò ìtọ̀ náà pátá, kí n máa tọ̀ gba ojú ihò lára ikùn sínú ọ̀rá.

Ìtọ́jú tó tẹ̀ lé e ni yóò yà ọ́ lẹ́nu. BCG ni. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún ọmọ tuntun nítorí ikọ́ ife, tó ń fi àpá sílẹ̀ lápá! Kòkòrò rẹ̀ wà láàyè ṣùgbọ́n wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lórí ba. Tí wọ́n bá dà á sínú àpò ìtọ̀, àwọn ọmọ ogun ara á dìde sí i, wọn á sì bá jẹjẹrẹ náà jà pẹ̀lú. Ní Kánádà tí o wà yẹn ni dókítà Alvaro Morales ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde pé ó ń ṣiṣẹ́, ní 1976, ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ tí àwa méjèèjì ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi dà á sí mi, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Mi ò ní í mu omi láàárọ̀. Wọ́n á fi rọ́bà dà á sínú àpò ìtọ̀, màá mú un mọ́ra fún wákàtí méjì, màá máa yí láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì kó lè kan gbogbo ara rẹ̀. Tí mo bá wá tọ̀ ọ́, orí ìjókòó ni, kò gbọ́dọ̀ ta sílẹ̀. A ó da omi afọṣọfunfun sí i, a ó fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 ká tó ṣan án. Ata ni ìtọ̀ ọjọ́ kejì. Òru ọ̀sẹ̀ kẹta, ara mi gbóná, mo ń gbọ̀n, ìyàwó mi ti fẹ́ lọ ra oògùn ibà. Mo ní kó pe nọ́ọ̀sì ná, nítorí wọ́n ti kìlọ̀ pé ibà tó bá ga tí kò lọ lè jẹ́ pé kòkòrò yẹn ti jáde sínú ara. A dúpẹ́, ó rọlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Apá kan oko kaṣú ti lọ sí i. Kò dùn mí.

Dókítà bi mí bóyá mo wẹ odò nígbà ọmọdé. Mo rántí Ọbà, mo rántí bí ìwọ àti èmi ṣe ń tọ ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ẹ̀gbọ́n ń pè é ní àtọ̀sí ajá, láìmọ̀ pé lára ìṣáwùrú inú omi ni kòkòrò rẹ̀ ti ń jáde wọ awọ ara. Òun náà lè fa jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n irú tirẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n rí lára mi. Ó wá béèrè sìgá. Mo dákẹ́. Ìdajì àwọn tó ní irú tèmi, sìgá ló fà á, ni ó wí: májèlé èéfín ń gba inú ẹ̀jẹ̀ dé kíndìnrín, kíndìnrín á sẹ́ ẹ sínú ìtọ̀, ìtọ̀ náà á sì dúró ti ògiri àpò fún wákàtí púpọ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́wàá tí mo ti jáwọ́. Ìwọ ńkọ́? Ẹ̀yìn kíláàsì kan náà la jọ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní báyìí, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń wo inú àpò ìtọ̀ mi, nítorí jẹjẹrẹ yìí fẹ́ràn àtipadà. Wọn ò rí nǹkan kan nígbà méjèèjì tí wọ́n ti wò ó. Túsìdé tó ń bọ̀ ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú rẹ̀, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Ó lè jẹ́ òkúta ni tìrẹ, ó lè jẹ́ nǹkan kékeré mìíràn. Kí dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìwọ. Má sọ fún wọn pé ó ti lọ. Sọ pé o rí i. Sọ fún ìyàwó rẹ lónìí.

Màá pè ọ́ lálẹ́ Sátidé. Má sọ fún mi pé o máa lọ. Ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n fún ọ ni mo fẹ́ gbọ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àlàó