Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi ní Òkè-Oòyè, Iléṣà

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o. Wọ́n ní ẹ ti pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì nítorí Máàkù 16:18, "wọn ó gbé ọwọ́ lé àwọn olókùnrùn, ara wọn ó dá", àti pé èsì tí ẹ fún àwọn ọmọ ni "Bíbélì ló wí i, ó parí." Kò tíì parí, ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ ka ẹsẹ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ó tó kan ọ̀rọ̀ ọwọ́ gbígbé léni, ejò gbígbé àti májèlé mímu ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ pásítọ̀ tó mu Gamalin lórí pẹpẹ. Ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà, George Hensley, gba ẹsẹ náà bó ṣe wà, ó ń gbé ejò olóró nínú ìsìn. Ejò ló pa á ní 1955. Ẹni tó wàásù ẹsẹ yìí fún yín ti ṣa èyí tó wù ú nínú rẹ̀. Àṣẹ ẹni tó ṣà á lẹ ń tẹ̀ lé.

Ẹsẹ náà fúnra rẹ̀ ní ẹjọ́ tirẹ̀. Sinaiticus àti Vaticanus, ìwé àfọwọ́kọ Gíríìkì méjì tó ti wà láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin, parí Máàkù sí 16:8, níbi tí àwọn obìnrin ti sá kúrò níbi ibojì nítorí ẹ̀rù. Kò sí ẹsẹ 9 dé 20 níbẹ̀ rárá. Àwọn ìwé mìíràn ní ìparí kúkúrú kan, àwọn díẹ̀ sì kó méjèèjì pọ̀. Ẹ wo ẹsẹ 9 náà: ó tún ń sọ ẹni tí Màríà Magidaléénì jẹ́, obìnrin tí Jésù lé ẹ̀mí èṣù méje jáde lára rẹ̀, bí ẹni pé ẹsẹ 1 kò ti dárúkọ rẹ̀. Abulẹ̀ aṣọ kì í fara sin. Ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, abulẹ̀ náà ti pẹ́: Irenaeus, bíṣọ́ọ̀bù ìjọ àtijọ́ kan, ti fa ẹsẹ 19 yọ ní nǹkan bí ọdún 180. Pípẹ́ rẹ̀ kò sọ pé Máàkù ló kọ ọ́. Ó wà nínú àwọn ìwé tí Erasmus, ọ̀mọ̀wé tó tẹ Májẹ̀mú Tuntun ní Gíríìkì, rí lò ní 1516, ó sì wọ Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì King James ti 1611. Ọ̀pọ̀ Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì òde òní ti sàmì sí i pé kò sí nínú àwọn ìwé tó dàgbà jù.

Bí ẹ bá sì fi 2 Tímótì 3:16 dá mi lóhùn, pé gbogbo ìwé mímọ́ ló ní ìmísí, ìwé wo àti wo ni? Nígbà tí wọ́n kọ ìyẹn, kò tíì sẹ́ni tó di Májẹ̀mú Tuntun pọ̀. Lẹ́tà bíṣọ́ọ̀bù Athanasius ti ọdún 367 ni àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ tí a mọ̀ tó ka ìwé 27 inú Májẹ̀mú Tuntun gẹ́lẹ́. Nínú odindi Bíbélì, ìwé 66 ni tiyín, 73 ni ti àwọn Àgùdà.

Àdúgbò yín gan-an mọ ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà ìsọjí Wòlíì Babalọlá ní Òkè-Oòyè ní 1930, ẹ̀kọ́ tí àwọn aṣáájú ìsọjí náà ti gbà láti ìjọ Faith Tabernacle ti Philadelphia ní Amẹ́ríkà ni pé àdúrà nìkan ló ń woni sàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bá àwọn míṣọ́nnárì Apostolic láti Bìrìtìkó dọ́wọ̀ọ́ pọ̀. Ìgbà tí wọ́n rí i pé àwọn òyìnbó náà ń lo kùnínì fún ibà, ìjà dé, wọ́n sì pín. Apá kan ló di ìjọ CAC (Christ Apostolic Church). Ìlú kan náà ni àwọn Mẹ́tọ́díìsì kọ́ ọsibítù Wesley Guild sí. Bíbélì kan náà ni gbogbo wọn ń kà! Ẹni tí kò fẹ́ oògùn di 2 Kíróníkà 16:12 mú, níbi tí wọ́n ti bu ọba Asa tó gbẹ́kẹ̀ lé oníṣègùn. Ẹni tó ń lò ó di 2 Ọba 20:7 mú, níbi tí Aísáyà ti ní kí wọ́n fi ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo Hesekáyà.

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni. Ara lè yá gágá kí ẹ̀rọ sì ka 180 lórí 110, nítorí náà "ara mi ti dá" kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ tẹ́ sílẹ̀, kí apá wà ní ọ̀gangan àyà. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀, lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́, fún ọjọ́ 7, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún dókítà. Bí nọ́ńbà òkè bá tó 180, ẹ má dúró de ọjọ́ keje, ẹ lọ sí Wesley lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n gbé ọwọ́ lé yín lórí kí ẹ tó lọ. Ìyẹn kò dí oògùn lọ́wọ́.

Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ.

Àbúrò yín.