Lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi: ọjọ́ tí wọ́n gé kúrú

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ púpọ̀, mo sì tọrọ àforíjì pé lẹ́tà rẹ pẹ́ lọ́wọ́ mi kí n tó fèsì. O bi mí pé kí ló dé tí ọ̀rọ̀ CentOS, ètò ìpìlẹ̀ tí ń darí kọ̀ǹpútà, ṣì ń bí àwọn ènìyàn nínú títí di òní, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n gbà á. Bí mo ṣe rí i sí, inú ọjọ́ tí wọ́n dá fún wọn ni ìdáhùn náà wà.

Nígbà tí ẹ̀dà 8 jáde ní ọdún 2019, ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni pé àtúnṣe ààbò rẹ̀ yóò máa wá títí di ọdún 2029. Ohun tó mú kí àwọn ènìyàn fẹ́ràn CentOS nìyẹn: wọ́n ń mú kóòdù ẹ̀dà tí ilé-iṣẹ́ Red Hat ń gba owó àtìlẹ́yìn lé lórí, wọ́n ń yọ orúkọ àti àmì rẹ̀ kúrò, wọ́n sì ń tún un kọ́, kí ẹni tí kò ní owó náà lè gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé e lórí kí ó sì sùn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 2020, ìkéde jáde pé ẹ̀dà 8 yóò parí ní ìparí ọdún 2021, àti pé CentOS Stream, èyí tí ń ṣáájú ẹ̀dà olówó dípò kí ó máa tẹ̀ lé e, ni wọn yóò gbájú mọ́. Ó lé ní ọdún 7 tí wọ́n gé kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀dà 7, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún un, kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ọjọ́ tirẹ̀. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2024 ló parí gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sọ. Nítorí náà, ẹni tó tètè kúrò lórí 7 gan-an ni ilẹ̀ yọ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀, nígbà tí àwa ọ̀lẹ tí a jókòó sójú kan jẹ èrè ìlọ́ra wa fún ọdún méjì àbọ̀. (Má rẹ́rìn-ín mọ́, mo mọ̀ pé o ti ń rẹ́rìn-ín.)

Àwọn kan fárígá, wọ́n bú gbogbo ẹni tó súnmọ́ iṣẹ́ náà. Àwọn mìíràn ní ọ̀fẹ́ ni, kí kálukú panu mọ́. N kò lè bá àwọn abúni lọ, nítorí mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àtìlẹ́yìn. Bí wọ́n bá rí àléébù kan lónìí, inú ẹ̀dà tuntun ni àtúnṣe rẹ̀ sábà máa ń wà. Ẹnìkan ní láti jókòó, kí ó yọ àtúnṣe náà nìkan, kí ó gé e mọ kóòdù ọlọ́dún gbọọrọ láì jẹ́ kí ohun tuntun kankan bá a wọlé, kí ó tún dán an wò kí ó má baà ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́. Iṣẹ́ yìí kò ní ìyìn, ó sì ń le sí i bí kóòdù náà ṣe ń gbó. Síbẹ̀, ẹni tó bá dá ọjọ́ ti mú kí ẹlòmíràn ṣètò lé e. Wo Python 2.7, ẹ̀dà kan lára èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà: ọdún 2015 ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún òpin rẹ̀, wọ́n sì sún un sí ọdún 2020 nígbà tí wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ kò tíì múra. Àwọn ènìyàn ṣì kùn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ní wọ́n já òun jù sílẹ̀ lójijì.

Ìhùwàsí tó wú mi lórí jù ni ti Gregory Kurtzer, ọ̀kan lára àwọn tó dá CentOS sílẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìkéde náà tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn, ó sì sọ ọ́ ní Rocky Linux ní ìrántí Rocky McGaugh, ẹni tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ tó ti di olóògbé. AlmaLinux, òmíràn tí wọ́n ṣe láti rọ́pò CentOS, náà ti jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2021.

Ní tèmi, ẹ̀bi ara mi ni mo jẹ. Ní oṣù Keje ọdún 2024, mo tẹ yum update, àṣẹ tí a fi ń gba àtúnṣe, lórí server àtijọ́ mi, ó ní òun kò rí àdírẹ́sì mirrorlist.centos.org tó máa ń lọ bèèrè ibi tí àtúnṣe wà. Mo yọ wáyà, mo tún un kì bọ̀ ọ́, mo fura sí íntánẹ́ẹ̀tì fún odidi wákàtí kan, kí n tó ṣí ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà mi. Abẹ́ ìwé mìíràn ni ọjọ́ òpin náà wà, pẹ̀lú ìkọ̀wé ara mi. Mo yí àdírẹ́sì náà sí vault.centos.org, níbi tí wọ́n kó àwọn ẹ̀dà àtijọ́ sí, ṣùgbọ́n àtúnṣe tuntun kì í débẹ̀ mọ́, a kì í sì í fi iná sórí òrùlé sùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, mo ti kó gbogbo rẹ̀ lọ sórí AlmaLinux 9.

O sọ nínú lẹ́tà rẹ pé ẹ̀rọ kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ tó ń lo 7. Jọ̀wọ́, kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, kí o sì fi orúkọ àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí n wo èyí tí yóò yọ wá lẹ́nu.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.