Ilẹ̀kùn bánkì tí ò gba ẹ̀gbọ́n mi

Ọ̀gá olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí jáde, ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí gan-an.

Télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin níbí n'Ìbàdàn, rọpárọsẹ̀ ló mú wọn ní kékeré, kẹ̀kẹ́ arọ ni wọ́n fi ń rìn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá bánkì kan ti àkáǹtì wọn pa, wọ́n ní àfi kí wọ́n yọjú fúnra wọn. Àtẹ̀gùn mẹ́fà ló wà níwájú, èmi àti ọlọ́kadà kan la gbé wọn gùn ún, a débẹ̀ tán, ilẹ̀kùn onígíláàsì tó ń gba ẹnìkan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan yẹn, kẹ̀kẹ́ ò wọ̀ ọ́. Síkíọ́rítì ní ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ wà o, ṣùgbọ́n ọwọ́ máníjà ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà, máníjà sì ti jáde. Bí wọ́n ṣe gbé fọ́ọ̀mù wá bá wa nínú oòrùn nìyẹn. Orí itan ni ẹ̀gbọ́n mi ti sáìn ín. Ọmọbìnrin tó gbé e wá ń bi wọ́n ní nọ́ńbà àkáǹtì, BVN, orúkọ ìyá wọn, wọ́n sì ń pariwo ẹ̀ sókè torí jẹnẹrétọ̀, gbogbo àwọn tó wà lórí láìnì ATM ń gbọ́. Nígbà tá a padà dé ṣọ́ọ̀bù, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bẹ́ẹ̀ òfin wà. Ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin àkàndá ẹ̀dá, wọ́n fún gbogbo ilé tí ará ìlú ń lò ní ọdún 5 láti ṣàtúnṣe, ọdún 5 ọ̀hún sì ti pé látoṣù kìíní 2024! Òfin yẹn náà ló ní tí láìnì bá wà, àwọn àkàndá ẹ̀dá ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn, àti pé òṣìṣẹ́ tó bá fọwọ́ sí púláànù ilé tí ò bá òfin ìkọ́lé mu lè san mílíọ̀nù kan náírà tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún 2. Ìdí tábìlì tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí púláànù yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ìjọba lọ, torí tí wọ́n bá ti kọ́lé tán, ẹ̀bẹ̀ la ó máa bẹ̀ kiri. Àwọn míì sì ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ó dagun bí òrùlé. Tí ẹnu ọ̀nà bá ga ní fíìtì 1, ó yẹ kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn gùn tó fíìtì 12 kí ẹni tó ń fọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ ara ẹ̀ tó lè dá gùn ún.

Tọ́sìdé la máa padà lọ gba káàdì wọn. Kí máníjà dákun fi kọ́kọ́rọ́ yẹn sílẹ̀ fún síkíọ́rítì.

Òǹkàwé yín, Ìbàdàn.