Sí Ẹ̀yin Tí Mo Máa Ń Pe Orúkọ Mọ́ Lórí

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ̀rín á pa yín pé mo pè yín ní ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí ẹ ń ṣọmọ ọ̀dọ̀ nílé wa ní Ìbàdàn, ẹ fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, síbẹ̀ "ìwọ" ni mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀, kò sì sẹ́ni tó bá mi wí. Bẹ́ẹ̀, tí mo bá dán irú ẹ̀ wò sí ọmọ ìyá mi, ìfọ́tí ni.

Salvador ní Bràsíl ni mo wà báyìí. Houston ní Amẹ́ríkà ni mo kọ́kọ́ dé, ibẹ̀ ni mo sì ti di aláwọ̀ dúdú. Ṣé ẹ mọ̀ pé nílé, ọmọ ta ni, ọmọ ibo ni wọ́n máa ń bi èèyàn. Lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni. Lọ́dún 1924, òfin ìpínlẹ̀ Virginia sọ pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn dúdú bá wà lára rẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, kò lè pe ara rẹ̀ ní òyìnbó. Wọ́n ti fagi lé òfin ọ̀hún tipẹ́, àmọ́ ojú yẹn náà ni wọ́n ṣì fi ń wo èèyàn.

Ní Bràsíl, ìrísí ni wọ́n ń wò. Nínú ìkànìyàn ọdún 2022, ìdá 45.3 nínú ọgọ́rùn-ún ló pe ara wọn ní pardo, ìyẹn àwọn tí àwọ̀ wọn wà láàárín, ìdá 43.5 ní òyìnbó làwọn, ìdá 10.2 péré ló ní àwọn dúdú. Òyìnbó ni ìyá onílé mi pe ara rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, ọmọ bàbá kan náà, ọmọ ìyá kan náà, dúdú ni. Mo ní tó bá dé Houston, dúdú ni wọ́n máa pe òun náà. Ó fọwọ́ gba irun rẹ̀ sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín títí.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ kan pè mí wá jẹun nílé alájà gíga kan. Lífìtì méjì ló wà níbẹ̀, ti àwọn onílé àti ti àwọn òṣìṣẹ́. Mẹ́gáàdì, tó dúdú jù mí lọ, nawọ́ sí ti àwọn òṣìṣẹ́ fún mi. (Ní São Paulo, ìlú mìíràn ní Bràsíl yìí kan náà, láti 1996 ni òfin ti lòdì sí irú èyí, ẹ kú òfin.) Mo bá obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun nínú rẹ̀, ó fa ajá ọ̀gá rẹ̀ dání. Ó kí mi bí ẹni tó rí ará ilé rẹ̀.

Ibẹ̀ ni kọ́ọ̀bù yín ti sọ sí mi lọ́kàn. Aláwọ̀ búlúù, oníke, tí eyín ti jẹ létí, tí Mọ́mì fi kọ́ sórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì kó má bàa pàdé tiwa. Àwọ̀ kan náà ni èmi pẹ̀lú yín o!

Mo ròyìn mẹ́gáàdì nídìí oúnjẹ, gbogbo wọn bá mi bínú. Mi ò mẹ́nu ba kọ́ọ̀bù.

Wọ́n ní ẹ ti padà sí ìhà Kétu. Orúkọ tí à ń pè yín, Mọ́mì ló fún yín, torí pé àǹtí mi kan ló ń jẹ́ tiyín. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ yín gan-an?